Ewéko alààyè nínú táńkì cichlid: èwo ló ń jẹ ẹ́, èwo ló ń fà á tu?

Ọmọ Odò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja. Ọ̀rọ̀ ewéko ló gbé mi wá. Táńkì mi gba lítà 240, mbuna mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀ (irú cichlid kan ni mbuna, ìdílé ẹja tí epìyà wà nínú rẹ̀ sì ni cichlid), àwọn aláwọ̀ ìyeyè àti àwọn aláwọ̀ aró, irú èyí tó wá láti Adágún Màláwì. Òkúta pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, iyanrìn sì tẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ewé tútù ni ojú mi ń wá. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo ra ewéko omi méjì, Amazon sword mẹ́rin àti ìdì Cabomba méjì. Mo rì wọ́n sínú iyanrìn nírọ̀lẹ́, mo jókòó tì wọ́n, inú mi ń dùn títí mo fi lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tan iná, sword méjì ti léfòó lókè omi, Cabomba sì ti di igi lásán. Mo tún wọn gbìn, wọ́n tún fà wọ́n tu. Ìgbà karùn-ún rèé. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé kí n lọ ra ewé oníike kí n sinmi. Mi ò fẹ́ oníike. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ewéko alààyè kò lè bá cichlid gbé?

Ewé-Á-Jẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọmọ Odò. Wọ́n lè jọ gbé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sin cichlid, kò sì sí táńkì mi kan tí kò ní ewé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ẹja máa ń gbà ba ewéko jẹ́: ó lè jẹ ẹ́, ó sì lè fà á tu. Ọ̀tọ̀ ni ẹja tó ń jẹ, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń walẹ̀, ohun tí a ń ṣe sí ìkíní kò sì ran ìkejì. Ẹ mú ọ̀kan jáde nínú àwọn tó léfòó yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, kí ẹ wo etí ewé rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wo gbòǹgbò. Tí etí ewé bá ti kán ní roboto roboto bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ara ewé ti lọ tó ku iṣan àárín nìkan, a jẹ́ pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Tí ewé bá pé tí gbòǹgbò náà sì pé, wọ́n ń wa iyanrìn kúrò nídìí rẹ̀ ni, omi ló wá gbé e sókè. Tí gbòǹgbò bá dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, ẹ má bá ẹja wí, ó ti ń jẹrà kí wọ́n tó fẹnu kàn án. Ẹ padà wá sọ èyí tí ẹ bá rí.

Ọmọ Odò

Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n. Gbòǹgbò sword funfun báláú, ó gùn tó ìka mi, kò jẹrà rárá. Ewé méjì ló ní ojú ibi tí wọ́n ti bù jẹ létí, ìyókù pé. Ti Cabomba ni kò ku ewé kan.

Mo tún wá jókòó síwájú táńkì fún bíi wákàtí kan láì mira. Akọ aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀, òun ló tóbi jù nínú wọn. Abẹ́ òkúta ńlá ló ti ń bu iyanrìn sẹ́nu, á gbé e lọ sí igun kejì, á tu ú síbẹ̀, á padà wá bu òmíràn. Sword kẹta wà létí ibi tó ń wà. Mo ń wo bí iyanrìn ṣe ń yọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbòǹgbò fi hàn, tí ewéko náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì gbéra nílẹ̀. Ẹja yẹn kò tilẹ̀ wo ibi tó wà.

Ewé-Á-Jẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀nà méjèèjì ló wà nílé yín nìyẹn. Akọ yẹn ń wa ibi tó máa pe abo sí ni. Bí ẹ bá dí kòtò náà lónìí, á tún un wà lọ́la, ẹ má bá a jà. Ewéko ni kí ẹ gbé kúrò lọ́nà rẹ̀.

Ti Cabomba, ewé rẹ̀ rọ̀ jù fún mbuna. Nínú adágún tí wọ́n ti wá, ara òkúta ni wọ́n ti ń jẹun. Algae tó máa ń bo òkúta, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yẹn, pẹ̀lú àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé inú rẹ̀, òun ni wọ́n ń họ látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àní orúkọ wọn, mbuna, èdè àwọn apẹja etí adágún yẹn ni, ẹja òkúta ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹnu tó lè họ òkúta mọ́ tónítóní, Cabomba ò tó nǹkan lójú rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, omi tó rọ̀ ni Cabomba fẹ́. Omi tí ẹ ń lò fún mbuna le, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á máa wà láàárín 7.8 sí 8.6. Bí ẹja kankan ò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, Cabomba á kàn máa ṣòjòjò ni.

Epìyà Ibú

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹja kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àwọn èèyàn á pe cichlid bíi pé ẹja kan ṣoṣo ni. Ìdílé tó ní irú tó ju 1,600 lọ ni. Epìyà tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú wọn, angelfish tó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé wà nínú wọn, oscar tó ń gùn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà wà nínú wọn. Ìwà wọn kò lè dọ́gba láé.

Àwọn kan wà tí ewé ni oúnjẹ wọn gan-an. Epìyà tí wọ́n ń pè ní Coptodon zillii, ní California wọ́n kó o sínú ipa odò ìbomirin kí ó lè bá wọn jẹ koríko omi kúrò. Uaru láti Amazon, ẹ má gbé ewéko sítòsí rẹ̀ tí ẹ kò bá fẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ. Severum náà fẹ́ràn ewé. Tropheus láti Adágún Tanganyika, ahọ́kùúta bí mbuna ni, tó bá rí ewé rírọ̀ á jẹ ẹ́.

Àwọn kan kò jẹ ewé o, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Oscar á ti ewéko, á fà á, á gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn bí ẹni tó ń tún yàrá tò. Geophagus ń gbá iyanrìn sẹ́nu ní gbogbo ìgbà, ó ń sẹ́ ẹ gba ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí jáde láti fi wá oúnjẹ. Orúkọ rẹ̀ lédè Gíríìkì ni “ajẹlẹ̀”. Convict dákẹ́ títí ó fi fẹ́ yé ẹyin, ìgbà yẹn ni yóò wa gbogbo ilẹ̀ táńkì. Ẹ má sì fojú kéré àwọn kékeré tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín, multifasciatus láti Tanganyika. Kò gùn ju ìka lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n wa iyanrìn títí wọ́n fi kan gíláàsì ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá ewé gbé ní ìrọ̀rùn pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Angelfish, discus, ram, Apistogramma. Nínú ti Tanganyika, Julidochromis àti brichardi kì í ṣe ewé ní nǹkan kan. Peacock láti Màláwì, kòkòrò inú iyanrìn ló ń wá, kì í ṣe ewé. Èyí tó sì wù mí jù nínú gbogbo wọn ni kribensis, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù, ẹja tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí èso tó pọ́n dénú nígbà tó bá fẹ́ yé. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ òkúta ló máa ń wà, bí ibẹ̀ bá sì ní ewé tó bò ó, ara rẹ̀ á túbọ̀ balẹ̀.

Torí náà, ẹni tó bá bi mí pé “ewéko wo ni mo lè fi sí táńkì cichlid?”, màá kọ́kọ́ béèrè pé cichlid wo.

Òwú àti Òkúta

Ọmọ Odò, fún mbuna, Anubias àti Java fern ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ rèé: ewé Anubias yi bí awọ, Java fern kò sì jọ pé ó dùn lẹ́nu ẹja, wọ́n á bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pọ̀ ọ́ dànù. Àwọn méjèèjì kò sì nílò iyanrìn rárá, ara òkúta tàbí ara igi ni wọ́n ń gbé. Akọ yín lè wa ilẹ̀ títí dọ̀la, kò ní kàn wọ́n.

Ẹ wo ìdí ewéko yìí dáadáa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ máa rí nǹkan kan tó nà gbalaja, tó rí bí atalẹ̀, tí ewé ń yọ lókè rẹ̀ tí gbòǹgbò ń yọ nísàlẹ̀. Ohun tó dà bí atalẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀. Bí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, á jẹrà, ewé á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Èmi pàdánù Anubias mẹ́ta báyìí lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo ń bá ẹja wí.

Ọ̀nà méjì ni mo máa ń gbà so ó. Àkọ́kọ́ ni okùn. Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ lo òwú ìránṣọ, ṣùgbọ́n nínú táńkì mbuna òwú kì í pẹ́, wọ́n á họ ọ́ títí á fi já. Okùn ìwọ̀ tín-ín-rín ni mo ń lò. Ẹ yí i ká ìdí ewéko àti òkúta nígbà mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fà á kó le ṣùgbọ́n kó má gé ara rẹ̀, ẹ ta kókó sísàlẹ̀, ẹ gé ìrù okùn kúrú kí ẹja má bàa há sí i. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta gbòǹgbò á ti di òkúta mú, ẹ lè wá tú okùn.

Èkejì ni súpà gúlù, èyí tó ki bí jẹ́ẹ̀lì. Òun ni mo fẹ́ràn jù báyìí. Ẹ gbé òkúta jáde, òkúta tí ara rẹ̀ rí hárahàra ló dára, ẹ fi aṣọ nu ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ nu ìsàlẹ̀ ewéko náà. Ẹ kán gúlù tó tó hóró ẹ̀wà kan síbẹ̀, ẹ tẹ ewéko mọ́ ọn, ẹ ka ení èjì dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó gbé e padà sínú omi. Gúlù náà á funfun tó bá kan omi, kò burú, tó bá ti gbẹ kò ní pa ẹja lára. Ẹ má lẹ gbogbo gbòǹgbò mọ́lẹ̀, ibi méjì tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ oníike, ẹ má sì jẹ́ kí gúlù yìí kan aṣọ òwú púpọ̀, torí ó máa ń gbóná lójijì tó bá pàdé òwú, ó lè jó èèyàn lọ́wọ́.

Òkúta náà gbọ́dọ̀ wúwo. Mbuna tó dàgbà lè ti òkúta tó tó ìkúùkù ọmọdé. Ibi tí òjìji bá wà ni kí ẹ gbé Anubias sí, torí kì í yára dàgbà, ewé kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Bí iná bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, algae dúdú á bo ewé rẹ̀ kí tuntun tó yọ.

Abiyamọ Ẹja

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún un pé bí àwọn kókó pupa rúsúrúsú bá yọ lábẹ́ ewé Java fern, kì í ṣe àrùn. Àwọn ọmọ kéékèèké á tún máa hù lára ewé tó ti gbó. Mo ti gé odindi ewéko kan dànù rí nítorí èyí, ó sì dùn mí nígbà tí mo mọ̀.

Adágún Gbalasa

Èmi fẹ́ gbè sẹ́yìn Vallisneria. Kí a sọ ọ̀rọ̀ táńkì Màláwì àti Tanganyika láì dárúkọ rẹ̀ kò dára, torí òun gan-an ló ń hù nínú adágún méjèèjì. Ewé rẹ̀ gùn bí okùn, ó ń fì nínú omi. Omi tó le kò dí i lọ́wọ́, ó mọ bí a ṣe ń gba karibọ́ọ̀nù láti ara bicarbonate tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ewéko kò lè ṣe.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni wàhálà, ilẹ̀ ló ń dì mú. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ fi iyanrìn kún un dé ìwọ̀n ìka méjì sí etí, kí ẹ sì ki ajílẹ̀ oníkóró kan sísàlẹ̀. Ibi tí ewé ti ń yọ nídìí gbọ́dọ̀ wà lókè iyanrìn. Lẹ́yìn náà ẹ to òkúta roboto sórí iyanrìn títí á fi bo ẹnu ìkòkò. Ẹja á gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ kò ní gba òkúta náà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ má gbé e wọ táńkì lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú abọ́ oníike ńlá tó lómi, lábẹ́ iná, níbi tí ẹja kankan kò sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ewé tó bá wá á máa rọ, òmíràn á yọ́ bí ọṣẹ. Ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbin ewéko fún títà, orí ilẹ̀ tó tutù ni wọ́n ti ń gbìn ín, kì í ṣe abẹ́ omi, tó bá wọ omi á pààrọ̀ ewé. Cryptocoryne ló tún le jù nínú irú èyí. Mo ra mẹ́fà rí, gbogbo ewé wọn yọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún, mo kó wọn dànù. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ló wá bi mí pé gbòǹgbò wọn ńkọ́. Gbòǹgbò wọn funfun, ó le. Wọn ò tíì kú, èmi ni mo pa wọ́n.

Tinú-Omi

Ẹ̀yin àgbà, táńkì angelfish ni tèmi o. CO2, afẹ́fẹ́ karibọ́ọ̀nù tí ewéko ń lò, ńkọ́? Gbogbo fídíò ewéko tí mo ń wò, àwọn èèyàn ń fẹ́ CO2 sínú omi.

Ewé-Á-Jẹ́

Fún àwọn ewéko tí a dárúkọ yìí, ẹ ò nílò rẹ̀. Nínú táńkì Màláwì tàbí Tanganyika, ó tún máa fa pH sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ pH tó ga ni ẹja wọ̀nyẹn fẹ́. Iná fún wákàtí méje sí mẹ́jọ lójúmọ́ ti tó, kí ẹ fi aago sí i kó máa tàn kó máa kú lásìkò kan náà.

Adágún Gbalasa

Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn olómi tí wọ́n ń tà bíi rọ́pò CO2. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ glutaraldehyde ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, Vallisneria kì í fara da a. Mo da ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin odindi igbó Vallisneria tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún kan di àbàtà nísàlẹ̀ táńkì. Ẹni tó tà á fún mi mọ ewéko tí mo ní, kò sì sọ nǹkan kan.

Okùn Ìwọ̀

Ẹ má gbàgbé iyọ̀ o. Omi Màláwì kò rí bí omi lásán. Èmi máa ń bu iyọ̀ ṣíbí kan sí lítà ogún, ẹja mi ń dán.

Ewé-Á-Jẹ́

Okùn Ìwọ̀, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ èyí. Omi tó le kì í ṣe omi oníyọ̀. Kálísíọ́mù, magnesium àti bicarbonate ló mú omi adágún wọ̀nyẹn le, iyọ̀ tí a ń sè kò sí lára ohun tó ń ṣe é. Ẹ fi ìkarahun tí a rún tàbí iyùn òkun tí a fọ́ sínú asẹ́ omi, òun ló máa gbé líle omi àti pH sókè díẹ̀díẹ̀ tó sì máa dì í mú síbẹ̀. Iyọ̀ ń pa ewéko. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹja tó ní bàbà nínú, ó ń ba ewéko jẹ́, ó sì ń pa ìgbín omi. Tí ẹja bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sí táńkì ọ̀tọ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn.

Okùn Ìwọ̀

Ó yé mi báyìí. Ẹ ṣeun. Mo rò pé nǹkan kan náà ni.

Abiyamọ Ẹja

Tinú-Omi, angelfish lèmi náà ń sìn, kò sì sí ẹja tó mọ rírì ewé tó o. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin. Tọkọtaya á yan ewé Amazon sword kan, èyí tó fẹ̀ tó sì dúró gangan. Wọ́n á máa fẹnu nù ún fún odindi ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà abo á máa gòkè lára ewé náà díẹ̀díẹ̀, ẹyin á máa lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà ìlà, akọ á máa tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ti yé e tán, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i tọ̀sán tòru títí á fi pa, bíi ọjọ́ méjì àbọ̀. Ẹyin tó bá funfun ti bàjẹ́, wọ́n á ṣà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń pa iná yàrá, mo sì máa ń gbé àga sún mọ́ ibẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ discus ni, ẹ rántí pé omi tó gbóná ló fẹ́, 28 sí 30 Celsius, kì í ṣe gbogbo ewéko ló lè gbà á. Anubias àti sword gbà á.

Epìyà Ibú

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba èyí tó rọrùn jù. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ojú oró kò ní ìdí nílẹ̀ tí ẹja lè wà. Ó ń mu amóníà àti náítíréètì tí ìgbẹ́ ẹja ń mú jáde, ó sì ń ṣíji bo omi kí àwọn ẹja tó ń jà lè fara balẹ̀. Mbuna á máa já gbòǹgbò rẹ̀ jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, á tún hù. Ẹ máa kó èyí tó bá pọ̀ jù kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí iná lè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á sódò, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ó máa ń bo ojú omi mọ́lẹ̀ ni, ẹja abẹ́ rẹ̀ á máa kú torí kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó kó o dànù.

Òwú àti Òkúta

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ńkọ́? Mbuna tó bá yó ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ewéko. Oúnjẹ tó ní spirulina (irú algae kan) ni kó jẹ́ ti ojoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ẹ fún wọn ní létúùsì tí ẹ fi omi gbígbóná rọ̀. Ẹ má fún wọn lẹ́ran. Ìfun wọn gùn, ti ajewé ni, ẹran tó pọ̀ lè mú kí ikùn wọn wú títí wọ́n á fi kú.

Ẹ má sì họ gbogbo algae kúrò lára òkúta. Ẹ họ gíláàsì iwájú kí ẹ lè ríran, ẹ fi ti ẹ̀yìn àti ti òkúta sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni ẹnu wọn máa wà.

Ọmọ Odò

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tí mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo lẹ Anubias márùn-ún mọ́ òkúta, mo so Java fern méjì mọ́ igi. Mo gbin Vallisneria sí ìkòkò mẹ́rin, mo gbé wọn sínú abọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ewé àkọ́kọ́ yọ́ lóòótọ́, ọkàn mi pami díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kó wọn dànù. Anubias kọ̀ọ̀kan ti yọ ewé tuntun mẹ́ta báyìí. Java fern kan ní ojú ibi tí wọ́n ti bù ú, wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Ojú oró ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń kó ẹ̀kúnwọ́ kan kúrò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Sword tó kù, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi tó ní angelfish.

Akọ aláwọ̀ aró ṣì ń walẹ̀. Ó ti wa ilẹ̀ yí ìkòkò kejì ká, ìkòkò náà dúró. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Vallisneria inú rẹ̀ ti ta ìtàkùn kọjá etí ìkòkò, ó gba abẹ́ òkúta ńlá, ó sì yọ ọmọ sáàárín kòtò akọ yẹn gan-an. Láràárọ̀ ló ń bu iyanrìn kúrò nídìí rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, ìtàkùn ìyá rẹ̀ ló dì í mú, ewé méjì lórí. Mo ti gbé òkúta kékeré kan tì í. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gé e kúrò lára ìyá rẹ̀, àbí kí n ṣì ní sùúrù?

Adágún Gbalasa

Ẹ kú oríire! Ẹ má gé e o. Ẹ jẹ́ kó pé ewé márùn-ún, kí gbòǹgbò tirẹ̀ sì gùn tó ìka. Lẹ́yìn náà ẹ gé ìtàkùn náà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tó mú, kí ẹ gbin ọmọ sí ìkòkò karùn-ún.